Rọ́ọ̀gì Aládìrẹ tí Mo Fi Ọ̀dà Kùn sórí Dẹ́ẹ̀kì Wa

Ní ẹ̀yìn ilé wa ní ìlú Bowie, ní ìpínlẹ̀ Maryland, dẹ́ẹ̀kì kan wà tí ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí sí. Pèpéle onípákó ni, ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 16, ó sì fẹ̀ ní 12. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti ń sun ẹran, ibẹ̀ ni àwọn ìbejì wa ti ń ṣeré bí wọ́n bá ti ilé ìwé dé, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń ṣa ẹ̀fọ́ ní ìrọ̀lẹ́ láti oṣù Karùn-ún títí di ìgbà tí òtútù bá lé wa wọlé. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, rọ́ọ̀gì oníke ni a ń rà tẹ́ síbẹ̀ kí ojú ibẹ̀ lè fani mọ́ra. Nígbà tí mo ká èyí tó kẹ́yìn nílẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún tó kọjá, mo rí i pé gbogbo pákó tí ó bò mọ́lẹ̀ ti dúdú, wọ́n ń rọ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò mi, wọ́n sì ń rùn bí aṣọ tí a ká pa mọ́ ní tútù. Omi òjò ń gba ara rọ́ọ̀gì náà wọlé, ṣùgbọ́n oòrùn kò ráyè dé abẹ́ rẹ̀. Pákó méjì ni a ní láti pààrọ̀. Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé n kò ní tẹ́ ohunkóhun sórí dẹ́ẹ̀kì yẹn mọ́: bí a bá fẹ́ rọ́ọ̀gì, ọ̀dà ni a ó fi ṣe é, kí òjò máa ṣàn kọjá lórí rẹ̀, kí oòrùn sì máa gbẹ ẹ́.

Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ìbàdàn ni wọ́n ti wá láti lo oṣù mẹ́fà pẹ̀lú wa, ìyá tó bí wọn lọ́mọ sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin aládìrẹ tí ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró, kí aró má baà mu ibi tí ẹ̀kọ bò. Mo sọ èyí síwájú nítorí pé, bí kì í bá ṣe tiwọn ni, rọ́ọ̀gì tí mo ní lọ́kàn kò ju ìlà funfun àti ìlà búlúù lọ, irú èyí tí ó kún inú ilé ìtajà gbogbo níhìn-ín.

Àwọn ọ̀rẹ́ tí mo sọ fún bi mí pé kí ni ènìyàn ń fi ọ̀ṣọ́ ṣe lórí ohun tí a óò máa tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìbéèrè náà yà mí lẹ́nu, nítorí pé ṣíṣe ilẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ kì í ṣe àjèjì sí àwa Yorùbá rárá. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn ará ìgbàanì to àpáàdì ní ìdúró, ọ̀kan ti ọ̀kan, títí ó fi yọ bátànì bí egungun ẹja, wọ́n sì to òkúta funfun wẹ́wẹ́ sáàárín rẹ̀ níbòmíràn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba ní Ifẹ̀, ni ó ní kí wọ́n ṣe é nítorí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sí òun lẹ́sẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí a bá níhìn-ín náà ní tiwọn. Mo ti dé Monticello, ilé Thomas Jefferson, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, ní Virginia, níbi tí wọ́n ti kun ilẹ̀ gbọ̀ngàn àbáwọlé ní àwọ̀ koríko tútù, ìmọ̀ràn tí ayàwòrán Gilbert Stuart fún un. Láyé ìgbà náà, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, wọ́n a máa kun aṣọ kánfáàsì ní ọ̀dà olóròóró lé ara wọn, wọ́n a ya òdòdó tàbí igun mẹ́rin dúdú àti funfun sí i, wọ́n a sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ bíi rọ́ọ̀gì. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ti ní baba àti ìyá.

Kí n tó fọwọ́ kan sáńpépà, mo wá ọjọ́ orí dẹ́ẹ̀kì náà nínú ìwé ilé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Títí di òpin ọdún 2003, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ọ̀pọ̀ jù lọ pákó ìta kí kòkòrò àti ìjẹrà má baà ba á jẹ́ ní májèlé tí wọ́n ń pè ní arsenic nínú, eruku irú pákó bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí ọmọdé yẹ kó fà símú. Bí ilé bá sì ti wà ṣáájú ọdún 1978, ó ṣeé ṣe kí òjé wà nínú ọ̀dà àtijọ́ tí ó wà lára rẹ̀, nítorí ọdún yẹn ni ìjọba fòfin de òjé nínú ọ̀dà ilé. Ọdún 2011 ni wọ́n kan dẹ́ẹ̀kì tiwa, ọkàn mi sì balẹ̀.

Fífọ̀ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ní ìgbà ìrúwé níhìn-ín, àwọn igi óòkù àti páínì a máa da ìyẹ̀fun òdòdó wọn sórí ohun gbogbo, ó máa ń pọ́n bí àtíkè tí a fi ìyeyè pò, bí a bá sì kun ọ̀dà lé e, ìyẹ̀fun náà ni ọ̀dà yóò dì mú, kì í ṣe pákó. Mo fi ọṣẹ dẹ́ẹ̀kì àti búrọ́ọ̀ṣì onírun líle fọ pákó kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ṣan án dáadáa, mo sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tí oòrùn ń ràn. N kò fi ojú wo gbígbẹ rẹ̀ nìkan. Mo kán omi díẹ̀ sí i: bí omi bá dúró rọ̀gọ̀dọ̀ lórí pákó, pákó kò tíì ṣetán láti gba ọ̀dà, ṣùgbọ́n bí ó bá mu ún kíákíá, ó ti gbẹ, ara rẹ̀ sì ti ṣí. Lẹ́yìn náà ni mo gbá gbogbo ìṣó tó yọrí wọlé, tí mo sì fi sáńpépà nọ́ńbà 80 ha gbogbo ojú rẹ̀, tí mo gbá eruku náà, tí mo sì fi aṣọ tútù nù ún.

Ìwọ̀n wíwọ̀n gba ọgbọ́n ju bí mo ti rò lọ. Pákó kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní íǹṣì 5 àti ààbọ̀, àlàfo tó wà láàárín wọn sì tó ìdá mẹ́rin íǹṣì. Bí etí rọ́ọ̀gì bá bọ́ sí àárín pákó, kò ní jọ etí aṣọ, ojú yóò máa rí i bí ohun tí a gé kù. Nítorí náà, n kò bẹ̀rẹ̀ láti iye ẹsẹ̀ bàtà. Iye pákó ni mo kà, mo mú 17, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 8 àti díẹ̀, mo sì jẹ́ kí etí rọ́ọ̀gì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bọ́ sínú àlàfo. Gígùn rẹ̀ ni mo fi sí ẹsẹ̀ bàtà 10. Nígbà tí mo fa okùn láti igun kan dé igun kejì, tí mo sì fa á láti igun kẹta dé ìkẹrin, ọ̀kan fi bí íǹṣì 2 gùn ju èkejì lọ. Ara ògiri ni mo ti wọn igun mi, ògiri náà kò sì bá pákó dọ́gba. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo mú igun kan, mo wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo wọn 4 sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo sì ń yí okùn títí ọ̀nà tó wà láàárín ojú àmì méjèèjì fi jẹ́ 5 gan-an. Igun tí ó bá pé báyìí kì í parọ́.

Fún ìgbátí, mo yọ pákó kan sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan àti íǹṣì 6 ní orí àti ìdí. Inú tó kù ni mo pín sí ojúlé 20, mẹ́rin níbùú, márùn-ún lóròó, ojúlé kọ̀ọ̀kan sì lé díẹ̀ ní íǹṣì 21. Bí àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti rí nìyẹn: aṣọ tí a pín sí ojúlé, tí ojúlé kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tí ó ń sọ.

Ọ̀dà tí mo lò ni èyí tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ ìta, tí a fi omi pò. Kúọ́ọ̀tì kan rẹ̀ tó kun nǹkan bí 100 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, rọ́ọ̀gì tèmi sì lé ní 80. Mo kun ìpìlẹ̀ ní funfun. Ìgbà tí mo kun ún lẹ́ẹ̀kan tán, tí ó gbẹ, ni Màmá jáde wá pẹ̀lú ife tíì wọn, tí wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n sì wò ó títí.

Wọ́n ní, “Ìyàwó mi, ó funfun jù.”

Mo ní, “Mà, ìpìlẹ̀ nìkan nìyẹn. Aró ń bọ̀ lórí rẹ̀.”

“Mo mọ̀. Ìlà tó máa kù lẹ́yìn aró ni mò ń sọ. Àdìrẹ kì í funfun báyìí. Lọ bá mi mú ìró tó wà lórí àpótí mi wá.”

Mo lọ mú un wá. Ìró àdìrẹ àtijọ́ ni, ó ti rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n fi ìka tọ ìlà kan nínú rẹ̀, wọ́n sì ní kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dà mi. Lóòótọ́, ìlà tí mo ti ń pè ní funfun láti ọjọ́ tí mo ti mọ àdìrẹ kì í ṣe funfun; búlúù ni, búlúù tó fẹ́lẹ́ bí ojú ọ̀run ní kùtùkùtù. Ojú kan aṣọ ni wọ́n máa ń ya ẹ̀kọ sí. Bí aṣọ bá wọ inú ìkòkò, aró díẹ̀ a máa ti ẹ̀yìn rẹ̀ wọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tí ìlà rẹ̀ kì í fi í mọ́ bí ẹfun. Mo bu ṣíbí kan nínú ọ̀dà aláwọ̀ aró mi sínú funfun náà, mo rò ó pọ̀, mo kun díẹ̀ sórí pákó àlòkù, Màmá ní kí n fi ààbọ̀ ṣíbí kún un. Àwọ̀ yẹn ni mo fi kun ìpìlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kejì, àwọ̀ yẹn ni ó sì sọ ohun tí ì bá jẹ́ àwòrán lásán di aṣọ tí a mọ̀.

Ní ọjọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí lẹ téèpù mọ́ ọn. Màmá tún bi mí pé kí ni mo ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ láti àárọ̀. Mo ṣàlàyé pé bí mo bá kun ọ̀dà aró sórí gbogbo rẹ̀, tí mo sì ṣí téèpù náà, ibi tí ó bò kò ní gba ọ̀dà.

“Ẹ̀kọ nìyẹn,” ni wọ́n wí. “Ẹ̀kọ lò ń pè ní téèpù.”

Mo ti ka ọ̀pọ̀ àlàyé nípa iṣẹ́ yìí, mo sì ti wo fídíò tó pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó là mí lójú tó ọ̀rọ̀ yẹn. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe pé mò ń ya ìlà. Ìlà ni mò ń dáàbò bò kúrò lọ́wọ́ aró. Wọ́n bi mí pé ọ̀nà wo ni mo fi ń dènà kí aró má wọ abẹ́ rẹ̀, nítorí pé ẹ̀kọ tí kò bá lẹ̀ dáadáa ni aró máa ń gba etí rẹ̀ wọlé. Ohun tó sì ti ń bà mí lọ́kàn jẹ́ gan-an nìyẹn, nítorí pé ara pákó ní ìlà kéékèèké, ọ̀dà a sì máa tọ àwọn ìlà wọ̀nyí wọ abẹ́ téèpù. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí a kọ́kọ́ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ kun etí téèpù. Bí ohun kan yóò bá wọ abẹ́ rẹ̀, kó jẹ́ ọ̀dà ìpìlẹ̀, àwọ̀ kan náà ni, kò ní hàn. Bí ìyẹn bá sì ti gbẹ, ọ̀nà ti dí, aró kò rí ibi gbà mọ́.

Màmá fẹ́ ká dán ẹ̀kọ gidi wò. Mo ra láfún ní ilé ìtajà àwọn ará Áfíríkà, wọ́n sè é kó ki, wọ́n sì fi ìyẹ́ ya ewé ẹ̀gẹ́ kan sórí pákó tí a yọ kúrò. Ọwọ́ wọn kò gbọ̀n rárá. Ìyẹ́ náà a fara kan pákó, a fà, a dúró, a tún fà, ìlà kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò sì padà tún èyíkéyìí ṣe. Ó gbẹ di ọjọ́ kejì, mo sì kun ọ̀dà lé e. Ó dùn mí pé kò rí bí a ti fẹ́: omi tó wà nínú ọ̀dà rọ ẹ̀kọ náà, nígbà tí a sì fi ọ̀bẹ ha á kúrò, ó kó ọ̀dà etí rẹ̀ lọ wúruwùru. Ìkòkò aró àti agolo ọ̀dà kì í ṣe ọ̀kan náà. Pépà tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn ni a wá lò. Màmá fi pẹ́ńsù ya bátànì sí i, èmi fi abẹ gé e jáde, mo sì fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ pákó.

Òpó Mápó àti ṣíbí ni a fi sínú ọ̀pọ̀ ojúlé náà, bí wọ́n ti máa ń wà pọ̀ nínú bátànì àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Mápó tí a ń wí ni gbọ̀ngàn orí òkè ní Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, àwọn aládìrẹ kò sì jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó gbé òpó rẹ̀ wọ inú aṣọ. Èyí wú mi lórí gidigidi: ilé tí ìjọba àwọn òyìnbó kọ́ láti fi agbára hàn di ohun tí àwọn obìnrin ń ró mọ́ ìdí. Ewé ẹ̀gẹ́ ni a fi sínú àwọn ojúlé tó kù, àyàfi mẹ́ta tí Màmá ní kí n fi sílẹ̀ fún ìlà wínníwínní nìkan, kí ojú lè rí ibi sinmi.

Kíkun aró ni ó gba sùúrù jù. Wọn kì í rì aṣọ lẹ́ẹ̀kan kí ó dúdú. Wọ́n a rì í, wọ́n a gbé e sókè kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, àwọ̀ ewé rẹ̀ a yí padà di búlúù, wọ́n a sì tún rì í títí yóò fi jinlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ọ̀dà: ẹ̀ẹ̀mẹta, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tó nípọn. Ọ̀dà tó nípọn a gbẹ lójú, inú rẹ̀ a sì wà ní rírọ̀, bí oòrùn bá sì pa á, yóò wú. Ìlà kan tó ní ojúlé mẹ́rin ni mo ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Mo ń kun ún ní ẹ̀ẹ̀kínní ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ, ní ẹ̀ẹ̀kejì lọ́sàn-án, ní ẹ̀ẹ̀kẹta ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo sì ń ṣí téèpù kí ọ̀dà ìkẹyìn tó le, ní fífà á padà lórí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ìlà kẹta, mo kánjú. Àlejò ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Sátidé, mo sì kun ún ní ẹ̀ẹ̀kẹta ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìrì sẹ̀ lóru. Nígbà tí mo jáde láàárọ̀, ojúlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ní àbàwọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni pé ènìyàn fi ọwọ́ ẹfun pa wọ́n. Mo fi sáńpépà ha gbogbo rẹ̀, mo tún lẹ téèpù, mo tún bẹ̀rẹ̀. Àlejò náà bá a bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí ojú ọjọ́ náà: bí ìwọ̀n ooru bá máa lọ sí ìsàlẹ̀ 50 lórí ìwọ̀n Fahrenheit lóru, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti parí, mo fi ọ̀dà aláìláwọ̀ tí a fi omi pò bò ó lẹ́ẹ̀mejì. N kò lo èyí tó jẹ́ olóròóró nítorí pé ó máa ń pọ́n bó bá pẹ́, kò sì ní jẹ́ kí búlúù náà mọ́. Mo po ìyẹ̀pẹ̀ kíkúnná tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí mọ́ ọn, nítorí ọ̀dà tí òjò pa a máa yọ̀, mo sì ní ọmọ méjì tí kì í rìn bí sísáré bá ṣeé ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi dúró kí a tó gbé tábìlì padà síbẹ̀.

Ó ti lo ìgbà òtútù kan báyìí. Ṣọ́bìrì oníke ni a fi ń kó yìnyín lórí rẹ̀, a kò lo ti irin, a kò sì da iyọ̀ sí i. Nígbà tí yìnyín tó kẹ́yìn yọ́ ní oṣù Kẹta, mo kúnlẹ̀ mo sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ojúlé ní ojúlé. Àárín rẹ̀ dúró digbí. Ibi méjì ni ó ti bó: abẹ́ ìkòkò òdòdó tí mo gbàgbé láti gbé kúrò, àti igun tó kángun sí àtẹ̀gùn, níbi tí orí àwọn pákó parí sí. Orí pákó ni ẹnu tí ó fi ń mu omi jù, ó sì yẹ kí n ti fi ọ̀dà dí i láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí n kò ṣe. Mo ti dí i báyìí.

Mo fi fídíò hàn Màmá lórí WhatsApp. Wọ́n ní kí n sún mọ́ igun náà, wọ́n sì rí i pé ojúlé ṣíbí tí àwọn fúnra wọn fi búrọ́ọ̀ṣì tún etí rẹ̀ ṣe ni ó bó. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan bátànì rẹ̀, àwọn ń bọ̀ ní oṣù Keje. Mo ti ha etí ibẹ̀ kó tẹ́jú, mo ti fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ bo pákó kí omi má baà wọ̀ ọ́, ìgò kékeré tí mo bu aró tó ṣẹ́ kù sí wà nínú ilé kúrò lọ́wọ́ oòrùn, mo sì ti ra búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tuntun méjì.